Kọfí Olólógbò

Màámi l'Ẹ́gbẹ́dá,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, iṣẹ́ ọ́fíìsì ń lọ dáadáa, omi àti ọṣẹ pọ̀ níbẹ̀.

Háà, Màámi! Kọfí tí mo fi ránṣẹ́ láti Indonéṣíà, tẹ́ ẹ̀ ń pè ní olólógbò nítorí àwòrán ara páálí ẹ̀, kì í ṣe ológbò o, ẹtà ni! Ẹtà ló ń jẹ èso kọfí, inú ìgbẹ́ ẹ̀ la ti ń ṣa hóró! Òní ni ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Ẹrẹ̀ ni mo pe ohun tí mò ń fọ̀ kúrò lára hóró lójoojúmọ́. Wọ́n ní omi inú ikùn ẹtà ló ń fọ́ purotéènì inú hóró sí wẹ́wẹ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í korò. Iná tí wọ́n fi yan án ti pa kòkòrò, ẹ má bẹ̀rù. Àmọ́ ẹ má fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àsàlátù yín mu mọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ bá mi kí Ṣàkírát àbúrò mi. Tó bá bèèrè ohun tí mò ń fọ̀ ní ọ́fíìsì, ẹ ní ẹrẹ̀ ni.

Mọ̀nsúrát yín