Òrùlé Mi Kò Sọnù, Oko Fàsásì Ló Wà

Ìjàgbà,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin, 1993.

Rufus ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Bí ìwé yìí bá bá yín ní àlàáfíà, ẹ bá mi dúpẹ́. Bí ara ẹnikẹ́ni kò bá sì yá, ẹ gbé ìwé náà lé e láyà, mo ti gbàdúrà sí i kí n tó lẹ̀ ẹ́. Kíláàsì méjì tí mo kà náà ni mo fi kọ ọ́, má fi yíǹkì pupa sí i.

Má jáyà o. Ìjì kan jà níbí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ó ṣí òrùlé ilé mọ́kànlá, tiwa wà nínú rẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni, àfi ewúrẹ́ Fàsásì kan, a sì ti jẹ ẹ́. Ni mo bá ń sùn lọ́dọ̀ Lábísí, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ. Òrùlé tirẹ̀ kò ṣí, ó wá ń ṣe bíi pé òun ló fọwọ́ dì í mú. Àràárọ̀ ló ń béèrè pé, Ìyá Rufus, ṣé ẹ ó ṣì jẹun níbí lónìí? Ilé mi ni mo fẹ́ padà sí, kí òjò tó yọ́ ògiri tí bàbá rẹ mọ, torí amọ̀ ni.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan wá dé láti Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú páànù àti ìṣó, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá wa tún ilé ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Boniface, ará Àkókó tó ń ṣe tíṣà ní Ọ̀wọ̀, ni olórí wọn. Ó mú fọ́ọ̀mù jáde, ó bi mí pé kí ni mo pàdánù. Mo ní n kò pàdánù nǹkan kan, òrùlé mi kò sọnù, oko kòkó Fàsásì ló wà, mo sì nawọ́ sí i. Ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò mi níwájú ilé. Mo ní kó dúró, mo wé gèlè, mo gbé àga síta, mo jókòó, mo rẹ́rìn-ín. Ó ní, màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fajú ro díẹ̀, kí àwọn tó fún wa ní páànù lè mọ̀ pé ìyà ń jẹ yín. Mo bi í bóyá bí wọ́n ṣe ń ya ìyá tirẹ̀ nìyẹn.

Mo gúnyán fún wọn. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ níbí ló ń bọ́ àwọn tó wá ṣiṣẹ́. Boniface ní òfin àwọn ni pé àwọn kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ẹni tí àwọn ń ràn lọ́wọ́. Mo ní ta lo ń ràn lọ́wọ́? Mo gbé àkàbà wọn sílẹ̀, mo jókòó lé e, mo ní ẹni tí kò bá jẹ iyán mi kò ní gun ilé mi. Lábísí ní ẹrẹ̀ ni oríkunkun mi máa sọ ilé yẹn dà. Wọ́n kan ti Theresa opó, wọ́n bọ́ sí ti Jìbírílù, wọ́n fi tèmi sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, òjò ṣú dùdù. Mi ò ní purọ́ fún ọ, àyà mi já.

Ni mo bá ronú kan àáró, bá mi ṣe lónìí kí n bá ọ ṣe lọ́la, kò sí ọ̀rọ̀ àánú níbẹ̀. Mo di ìró mi dáadáa, mo ń pọn omi, mo ń gbé páànù fún wọn nílé Jìbírílù títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo wá ní kí Boniface yọ orúkọ mi kúrò nínú fọ́ọ̀mù àwọn tí ìyà ń jẹ, kó kọ ọ́ sí ti òṣìṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó kọ ọ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi sáìn, n kò tẹ̀ka. Òfin wọn kò sì ní kí òṣìṣẹ́ má bá òṣìṣẹ́ jẹun. Mo gún iyán mìíràn, wọ́n jẹ ẹ́ tán, Boniface tún tọrọ ọbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n kan òrùlé mi. Ilé mi ni mo ti ń kọ ìwé yìí, òjò ń rọ̀ lórí páànù, n kò gbóhùn Lábísí mọ́.

Àáró yìí ló kù tí a ó san. Àwọn mẹ́jọ ló gun òrùlé mi, ẹyọ kan sì ni èmi. Ìjì náà ba Emùré-Ilé jẹ́, ibẹ̀ la sì ń lọ ní Sátidé tó bẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Mo ti fi orúkọ rẹ sí fọ́ọ̀mù, mo fi ti ìyàwó rẹ sí i. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tí o mọ̀, mo kọ pé o mọ igi í gùn. Sọ fún ọ̀gá rẹ ní báǹkì pé kó bá ọ jókòó ti owó náà di Mọ́ńdè. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mú òòlù dání, kí o sì mú owó epo àti ẹja wá fún mi, torí èmi ni wọ́n kọ sí ìdí iyán.

Ọlọ́run yóò pa yín mọ́, yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹsẹ̀ rẹ kò sì ní yọ̀ lórí òrùlé àwọn ará Emùré.

Èmi ni ìyá rẹ,
Agatha Ọmọ́yẹlé, òṣìṣẹ́.