Ẹnu Rẹ Ló Ṣí Géètì Ilé Wa

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí ara yín le koko. Èmi náà wà láàyè, kò sí àìsàn kankan lára mi, àmọ́ inú ń bí mi débi pé mo ti fa ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ ya. Nítorí náà, jókòó ka èyí. Má kà á lórí ìdúró.

O mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ilé tí àwọn obìnrin àtàwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fìyà jẹ ti ń rí ààbò ni ilé wa. Wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn, èmi á sì jókòó tì wọ́n títí ọ̀rọ̀ tó há wọn lọ́fun á fi jáde. Kò sí àkọlé lára ògiri wa. Iṣẹ́ káfíńtà ló gbé ìwọ débẹ̀, nígbà tí a ní kí o wá kan bẹ́ẹ̀dì. O nawọ́ sókè lọ́jọ́ náà, o ní, “Àǹtí mi, bí mo bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí ahọ́n mi gbẹ.” Ahọ́n rẹ kò gbẹ. Ó tutù, ó ń yọ̀, ó sì yọ̀ dé etí ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. O rí ìyàwó rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, o sì lọ júwe ilé fún un.

Jẹ́ kí n sọ fún ọ ẹni tí o tà. Aránṣọ ni ìyàwó Ẹlẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìka tó fi ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ ti kán. Ọkọ rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ìka náà, ó ní kó lọ máa fẹnu ránṣọ. Nínú yàrá tí a ti ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ máa ń kọ ilẹ̀kùn ni, kò ní sọ nǹkan kan. Èmi náà kò ní sọ nǹkan kan. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ wa ni ká máa rọ̀jò ìmọ̀ràn lé èèyàn lórí. Rárá o, sùúrù ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń wọ bàtà sùn, torí ẹni tó máa sá kì í ráyè wá bàtà.

Díẹ̀díẹ̀, aránṣọ yí àga rẹ̀ sí ojú fèrèsé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọdébìnrin ilé náà bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ. Ó tilẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ẹ̀wù mi jọ àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rán apá sí. Ọmọ náà sì bọ́ bàtà. Èmi àti ìyá tó ń ṣọ́ géètì wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, à ń wo ẹsẹ̀ ọmọ tó ń sùn bí ẹni ń wo òṣùpá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó kọjá ni Ẹlẹ́rìn-ín dé, tòun ti irin tí wọ́n fi ń tú táyà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní káfíńtà ló júwe ilé fún òun. Nígbà tí ìyá onígéètì kọ̀ fún un, ó fi irin gbá a lápá, ó wọlé. Àwọn ọmọ sá wọ bálùwẹ̀. Aránṣọ nìkan ni kò sá. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn bálùwẹ̀, sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó ní, “O ò ní kọjá níbí.” Ọkọ rẹ̀ gbá a lẹ́nu, ètè rẹ̀ bẹ́, síbẹ̀ kò kúrò. Àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé lódìkejì ló gbọ́ igbe, tí wọ́n wá de ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ títí ọlọ́pàá fi dé.

Àwọn àgbà ní àìmẹ́nu, àìmètè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìrẹ kọ́. Tìrẹ ń dán níbẹ̀. Ti obìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló wú.

Nígbà tí mo pè ọ́, kí lo wí? “Àǹtí, ọkùnrin náà sunkún lójú mi. Ìjà tọkọtaya ni, mo fẹ́ bá wọn parí ẹ̀ ni.” Ta ló fi ọ́ ṣe onílàjà? Ìka tó kán ńkọ́, ṣé òun náà ráyè wá sunkún lójú rẹ?

A ti kó gbogbo wọn kúrò nílé náà. Mi ò mọ ibi tí wọ́n gbé aránṣọ àti ọmọ rẹ̀ lọ, mi ò sì gbọdọ̀ béèrè. Ẹlòmíì ló máa jókòó tì í, láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mọ́tò ń gbé wọn lọ, ọmọ náà ti wọ bàtà padà.

Ẹlẹ́rìn-ín ti yí ohùn padà báyìí. Ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni, òun kò mọ̀ pé ìyàwó òun wà níbẹ̀. Ìwọ lo lè já irọ́ yẹn. Ọjọ́bọ̀ la máa wà níwájú adájọ́. Wá, kí o sọ ohun tí o sọ fún un àti ohun tó sọ fún ọ. Wọ́n á bú ọ, ojú á sì tì ọ́. Jẹ́ kó tì ọ́. Ìtìjú kì í pa èèyàn. Irin táyà ń pa èèyàn.

Mo ṣì ń gbàdúrà fún ọ, torí ọmú kan náà la mu. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí, kó sì fún ọ láyà láti sọ òótọ́. Kí àwọn ọmọbìnrin rẹ má rí ohun tó máa lé wọn sá. Bí wọ́n bá sì sá, kí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n wà panu mọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀.

Àfikún: Ìyàwó rẹ pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní o ò jẹun, o ò sùn. Mo ní kó sọ fún ọ pé kí o jẹun, kí o sùn, kí o sì lọ aṣọ tí o máa wọ̀ lọ sí kóòtù.