Òrí Tí Mo Fi Sábẹ́ Àtíkè Ìyàwó

Èmi ni mo ba ojú ọmọ náà jẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kì í ṣe ẹlòmíràn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé báyìí nítorí n kò lè fẹnu sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ìwó níbí... ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ìyàwó náà. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Ní agboolé wa, àwọn kan ń kírun, àwa kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò sí ọmọbìnrin wa kan tó ń lọ ilé ọkọ láìlé láàlì. Ọjọ́rú ni mo gún ewé láàlì, mo fi lé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà tí a sì tú ohun tí a fi dì í, ó ti pọ́n fòò. Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin dé láti Èkó pẹ̀lú àpótí àtíkè àti ìgbéraga. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ mi, ó pariwo pé, "Ẹ̀yin ará ibí! Ìyàwó ni mo ní kí ẹ bá wa tọ́jú, ẹ wá kun ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ilẹ̀kùn?" Ó ní kí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti kàn-ìn-kàn-ìn bó o. Wọ́n fọ̀ ọ́ títí awọ fi ń ṣí, láàlì kò kúrò... ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ funfun ni wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀ níkẹyìn. Ẹni jẹ́ẹ́ ni mí, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó gbé agolo àtíkè síwájú mi, ó ní, "Màmá, ẹ fọ ojú ìyàwó wa, kó gbẹ dáadáa. Ẹ má fi òróró yín kankan kàn án o. Àtíkè yìí ò ní ṣí títí ilẹ̀ á fi ṣú." Ó bá tirẹ̀ lọ. Ó rò pé n kò mọ̀wé, nítorí pé n kì í pariwo. Èmi tí mo kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ girama dé kíláàsì kẹrin! Mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn agolo náà lédè òyìnbó láti òkè dé ìsàlẹ̀: kí ojú mọ́, kó gbẹ, kí òróró má sí níbẹ̀ rárá. Ó yé mi yékéyéké. Mo wá bu òrí tó tó èkánná ọmọńdinrín mi, mo fi ra ojú ọmọ náà, mo sì fi aṣọ nù ún títí kò fi dán mọ́. Mo sọ fún un pé kára rẹ̀ lè rọ̀ ni, kò sì mọ̀ pé wọ́n ní kí n má fi òróró kàn án. Obìnrin náà dé, ó kun àtíkè rẹ̀ lé e, ó ń yin ara rẹ̀.

Mo rò pé ó di ilé kí àtíkè náà tó ṣí, níwájú ẹbí nìkan. Ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ṣọ́ọ̀ṣì sì kún. Nígbà tí ọkọ ṣí aṣọ ìbòjú, àtíkè ti ya lójú ọmọ mi, ó ti ṣàn dé ọrùn aṣọ funfun rẹ̀. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Àbí inú àpò èlùbọ́ ni wọ́n ti mú un wá ni?" Ọmọ náà bú sẹ́kún, ojú rẹ̀ tún bàjẹ́ sí i... Ṣé kí n purọ́ fún yín? Mo wo ojú ará Èkó yẹn, inú mi dùn. Ohun tó gbé wá kò pẹ́ dé ọ̀sán, láàlì tó ń bú lo oṣù kan gbáko lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Ẹ ó ní èmi ni mo ba tirẹ̀ jẹ́. Òótọ́ ni. Síbẹ̀síbẹ̀...

Oṣù mẹ́ta rèé. Ọmọ mi gbà pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ló mọ̀ọ́mọ̀ dójú ti òun, kò sì kúnlẹ̀ kí i mọ́. Ẹ sì mọ̀ pé gbogbo ẹbí ọkọ, ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún ìyàwó. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti wá sọ pé bí kò bá kúnlẹ̀ bẹ obìnrin náà kó tó di Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kó di ẹrù rẹ̀, toyún-toyún. Ọkọ ń wolẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́. Ọmọ náà wá bá mi, ó gbórí lé itan mi, ó ní, "Ìyá, ẹ wà níbẹ̀. Ṣé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?" Ẹnu mi yìí ni mo fi ní, "Ṣé o rò pé irú ẹni yẹn lè fẹ́ ire fún ọ?" Ó nu ojú rẹ̀, ó ní òun ò ní kúnlẹ̀ láyé.

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́, èmi àgbà ni yóò kúnlẹ̀ fún obìnrin tí mo lè rán níṣẹ́ bí ọmọ, ọmọ mi kò sì ní gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́. Bí mo bá dákẹ́, yóò padà wálé pẹ̀lú oyún nítorí ìwọ̀nba òrí. Ọmọ ni mo fẹ́ gbà là, kì í ṣe obìnrin yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ṣé ọ̀nà kankan wà tí n óò fi gba ọmọ mi là, tí ará Èkó yẹn kò fi ní jàre mi?