Àgbàdo Pupa Tí Kọ̀ǹpútà Ò Mọ̀

Ọjọ́rú, Òmù-Àrán.

Orí ṣì ń fọ́ mi. Alhaji, àgbẹ̀ kan, gbé àgbàdo pupa wá láti Èsìẹ́ pé kí kọ̀ǹpútà wa tó ń fi fọ́tò ṣa àgbàdo tó dáa yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo da ẹ̀kúnwọ́ kan sórí aṣọ dúdú, mo ya fọ́tò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní kò sí èyí tó dáa níbẹ̀ àfi ẹyọ kan ṣoṣo. Mo wò ó dáadáa. Ẹ̀wà pupa tó ṣèèṣì bọ́ sínú rẹ̀ ni!

Alhaji di àpò rẹ̀. "Ẹ̀rọ tí ò mọ àgbàdo yàtọ̀ sí ẹ̀wà ló fẹ́ dójú tì mí."

Mùsílíù tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí ló kọ àwọ̀ àgbàdo tó dáa sínú ẹ̀rọ náà. Rẹ́ẹ̀dì ló kọ! Yẹ́lò kọ́, rẹ́ẹ̀dì! Mo jágbe mọ́ ọn.

Ó ní, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ kí n kọ? Ṣé kì í ṣe àgbàdo pupa la ń pè é ni?"



Bí mo ṣe wọlé báyìí ni ìyá mi pè mí lórí fóònù.

"Pupa mi, báwo niṣẹ́ òní?"

Díẹ̀ ló kù kí n ju fóònù náà mọ́ ògiri.