Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Ìrèké Ṣubú: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Nicasio Mañón Reyes (1951–2023)

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún ọdún 1951, ni a bí olóògbé, Bàbá Nicasio Mañón Reyes, ní Agua Mansa, abúlé àwọn agé-ìrèké lẹ́bàá San Pedro de Macorís. Òjò ńlá rọ̀ láti ìdájí títí di ọ̀sán ọjọ́ náà. Ilẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ìrèké sì yẹ̀ kúrò lójú irin, ó ṣubú. Ẹbí kò fi òjò yìí ṣe ẹwà ọ̀rọ̀. Ìdí tí a fi kọ ọ́ yóò hàn níwájú.

Olóògbé Baldomero Mañón, ẹni tó ń wọn ìrèké fún iléeṣẹ́ ṣúgà, ni bàbá wọn. Doña Eufemia Reyes, alágbàfọ̀, ni ìyá wọn. Bàbá wa ni àkọ́bí. Àbúrò kan ṣoṣo tí wọ́n ní, Hilario, ni a bí ní ọdún 1955. Ibà pa á ní 1964. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá rí àyè dé ìlú ló ń forúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Hilario ní ìwé ìbí, Bàbá wa kò ní. Wọ́n kàwé dé kíláàsì karùn-ún. Àwọn kan nínú ẹbí ń sọ pé kẹrin ni, ṣùgbọ́n ìwé olùkọ́ sọ pé karùn-ún.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1973, ọkùnrin kan tó ń wá àwọn ajubọ́ọ̀lù, àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù kékeré kí ẹlòmíràn fi igi gbá a, fún ẹgbẹ́ ńlá kan lókè òkun dé Agua Mansa. Kò fẹ́ ẹni tó ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ. Bàbá wa ti pé méjìlélógún. Baldomero fa ìwé Hilario yọ láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó ní, "Ẹni tó ti lọ kò ní í bínú. Mú un." Doña Eufemia kọjú sí ògiri. Bàbá wa fọwọ́ sí ìwé ní orúkọ òkú.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò ní àgọ́ ẹgbẹ́ náà, bọ́ọ̀lù wọn sì yára débi pé ẹ̀rù ń ba àwọn tó ń dúró gbá a. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 1974, ẹgbẹ́ náà rán ènìyàn lọ wo ìwé ìsìnkú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó padà wá bá Baldomero, ó ní, "Bàbá, òkú kì í ju bọ́ọ̀lù." Wọ́n dá Bàbá wa padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Kí oòrùn tó wọ̀, Òkú ti di orúkọ wọn.

"Òkú, ṣé o jí re?"

"Òkú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti jinná o, àbí ẹ kì í jẹun níbi tí o ti wá?"

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tọ́jú pápá bọ́ọ̀lù abúlé: wọ́n ń gé koríko, wọ́n ń fi ẹfun fa ìlà, wọ́n ń tẹ́ òkìtì tí ajubọ́ọ̀lù ń dúró lé. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mọ́kànlélógún. Ní 1978, Doña Zunilda Peguero di aya wọn, ṣùgbọ́n àlùfáà kò lè so wọ́n pọ̀, nítorí ọkọ kò ní ìwé. Fún ìdí kan náà, orúkọ ìyá wa ni àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́. Èyí ló ń dun Bàbá jù, ju bọ́ọ̀lù lọ.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995, Mista Josiah Phipps, ọ̀gá ẹgbẹ́ Agua Mansa, dé pápá láàárọ̀ kùtùkùtù nítorí ìbọ̀wọ́ tó gbàgbé síbẹ̀. Ó rí Bàbá lórí òkìtì, wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí ìdérí agolo tí wọ́n kàn mọ́ ọgbà. Bọ́ọ̀lù náà kò yára mọ́. Ó ń bọ̀ bí ẹni tó ń tòògbé, ó kù díẹ̀ kó débẹ̀ ni ó ń já sílẹ̀.

"Òkú! Ta ló kọ́ ọ ní irú eléyìí?"

"Agolo ni, ọ̀gá. Kì í bú mi."

"O máa jù ú fún wa nínú ìdíje."

"Ẹ ti gbàgbé pé n kò sí láyé ni?"

"Lọ gba orúkọ rẹ, Nicasio. N kò lè kọ Òkú sínú ìwé ẹgbẹ́."

Ìyá wọn nìkan ló kù láàyè tó lè jẹ́rìí, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo ilé pé ìjọba lè tì wọ́n mọ́lé nítorí irọ́ àtijọ́. Doña Eufemia di gèlè wọn, wọ́n ní, "Bí wọ́n bá fẹ́ tì mí mọ́lé, kí wọ́n dúró dìgbà tí mo bá wo bọ́ọ̀lù tán." Akọ̀wé ìjọba bi wọ́n léèrè ọjọ́ ìbí ọmọ. Wọn kò mọ déètì.

"Ọjọ́ tí ọkọ̀ ìrèké ṣubú ni."

"Mama, ìyẹn kì í ṣe déètì."

"Ìwọ ni akọ̀wé. Wá a."

Wọ́n ṣí ìwé àtijọ́ iléeṣẹ́ ṣúgà. Wọ́n bá ọkọ̀ tó ṣubú, wọ́n bá òjò, wọ́n sì bá ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún ọdún 1951. Báyìí ni Bàbá wa ṣe gba ìwé ìbí ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá ọdún 1995, ni àṣekágbá pẹ̀lú abúlé La Ceja. Ó ku ìpele kan, a fi mẹ́rin sí mẹ́ta ṣíwájú, apá ajubọ́ọ̀lù wa sì wú. Bí Bàbá ṣe ń jáde lọ sórí òkìtì, àwọn ará La Ceja bẹ̀rẹ̀ sí kígbe: "Ẹ gbé pósí wá o! Wọ́n ti hú u!" Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe orúkọ wọn ní kíkún: Nicasio Mañón Reyes. Bàbá ṣí fìlà. Wọn kò ju bọ́ọ̀lù.

Adarí eré ní, "Ọ̀gbẹ́ni, kí lò ń dúró dè?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ó tún un pè."

Wọ́n tún un pè. Doña Eufemia dìde láàárín èrò: "Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀!" Ẹni àkọ́kọ́ fi igi gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó jáde. Ẹnì kejì ṣe bákan náà. Ẹnì kẹta, ẹni tó kígbe pósí jù, ti fì igi tán kí bọ́ọ̀lù tó dé. Eré parí, a borí. Bọ́ọ̀lù mọ́kànlá ni Bàbá jù lápapọ̀. Doña Eufemia máa ń sọ pé mẹ́wàá. Ìwé akọ̀wé ìdíje ni ẹbí tẹ̀ lé.

Ní oṣù Kejì ọdún 1996, àlùfáà so Bàbá àti Màmá wa pọ̀. Lọ́sẹ̀ kan náà, àwa ọmọ di Mañón. Fún ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà, Bàbá kọ́ àwọn èwe Agua Mansa ní bọ́ọ̀lù, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọmọ kan wọ pápá láìkọ́kọ́ mú ìwé ìbí rẹ̀ wá. Àwọn tí kò bá ní, Bàbá fúnra wọn ló ń mú òbí wọn lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọba. Ọmọ mẹ́tàdínlógójì ni èyí tó dá wa lójú. Bàbá jẹ́ olóòótọ́ ọmọ ìjọ, wọ́n sì ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ìyàwó wọn, Doña Zunilda. Àwọn ọmọ wọn, Yocasta, Dionis àti Hilario, tí a fi sọrí àbúrò Bàbá. Àti ọmọ-ọmọ méje, tí gbogbo wọn ní ìwé.

Sun oorun ẹni tó parí iṣẹ́, Nicasio Mañón Reyes. Kí ilẹ̀ tí o tẹ́ fún wa tẹ́ ọ lọ́rùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kìíní ọdún 2023, ni wọ́n dákẹ́, ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni Doña Zunilda, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti Mista Phipps lórí àga rẹ̀. Oòrùn ràn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá láti inú oko ìrèké, òjò kò rọ̀. A kọ ojú ọjọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa wá a kiri lẹ́yìn ọ̀la.