Bí Penbui Ṣe Pín Búrẹ́dì Márùn-ún

Wabet, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ìhà ìwọ̀-oòrùn odò. Kí òrìṣà wa Amun fún ìwọ àti àbúrò ìyá rẹ tí o wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀mí gígùn àti ara líle. Ara ìyá rẹ ti yá. Ọkàn tèmi nìkan ni kò balẹ̀.

O ní kí n fọwọ́ sí i kí Penbui fẹ́ ọ. N kò tíì dáhùn nítorí mò ń fura sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe ẹni tó ń pín búrẹ́dì fún àwa tí à ń gbẹ́ ibojì ọba, ó máa ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sínú bí ó bá ti mú ọ̀bẹ. Kí ló ń sọ? Kí n má purọ́ fún ọ, mo lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn akọ̀wé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò ìpín kò wọ̀ mí lórí. Ẹni tí kò mọ ìṣirò, ojoojúmọ́ ló máa ń rò pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ.

Lánàá, búrẹ́dì márùn-ún péré ni wọ́n gbé wá. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní, "Ọmọ mi, àna rẹ ọ̀la ni mí o. Jẹ́ kí tèmi tóbi díẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ọ̀bẹ. Ó gé mẹ́rin sí méjì-méjì, ó gé ìkarùn-ún sọ́nà mẹ́jọ. Olúkúlùkù gba ààbọ̀ kan àti ìdá kan nínú mẹ́jọ, bí a ti máa ń ṣe é, kí gbogbo ojú lè rí i pé ọgbọọgba ni. Mo gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Hesi, ẹni tí a jọ ń gbẹ́ ibojì. Bákan náà ni! Hesi ní, "Bàbá ìyàwó, ẹ rọra wò ó o, kí ojú yín má baà tún búrẹ́dì náà gé!"

Inú bí mi. Ṣé ahun ni, àbí ó ti fi tèmi pamọ́ síbì kan? Bí mo ti ń yọjú wo abẹ́ ẹní tó tẹ́ búrẹ́dì sí ni mo rí i pé orí ẹní ti ṣófo, Penbui sì ń wá nǹkan kiri. Àwa mẹ́jọ ti gbà. Òun ni ìkẹsàn-án. Ó gbàgbé ara rẹ̀!

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi èmi. Ẹni tó gbàgbé ẹnu ara rẹ̀, ṣé ó máa rántí tìrẹ? Àbí ó mọ̀ pé mò ń ṣọ́ òun ni? Mo na èyí tó kéré nínú ìpín mi sí i. Kò gbà á. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ìpín ta lẹ mú wá?"

Wabet, èmi ló ń fura sí, pé mo ti jí ìpín ẹlòmíràn! Ìgbà tí mo fi ààbọ̀ mi hàn án, tó rí i pé ara ìpín tèmi ni mo mú fún un, ló tó jẹ ẹ́.

Fẹ́ ẹ. N kò tíì rí ẹni tó mọ ìfura tó mi rí.

Kí Hathor, òrìṣà ìfẹ́, fi ọmọ àti ọtí dídùn kún ilé yín.

Èmi ni bàbá rẹ tí kì í sinmi,
Kaha.

Mo tún rántí: bí ẹ bá délé yín, ìwọ ni kí o máa ka iye ẹnu kí Penbui tó mú ọ̀bẹ. Kí o sì ka òun náà mọ́ ọn.