Eré Tí Mo Wò Tán Láìdúró Dè Ọ́

Adúmáadán, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Mo kí ọ̀gá rẹ tí kì í jẹ́ kí o jẹun ọ̀sán lásìkò, Ọlọ́run á bá wa fi ọkàn tútù sí i láyà. Àwa náà wà níbí. Àbúrò bàbá rẹ fi igi ti ògiri ẹ̀yìnkùlé tó fẹ́ wó, ó ní òun ti tún un ṣe nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi ti fúyẹ́, ìyẹn ni pé ó ṣì ń dùn mí, àmọ́ mi kì í sọ ọ́ mọ́.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Mi ò gbé e fún atúnfóònùṣe tó máa ń bá mi kọ̀wé, torí mo ti máa ń bá ọmọkùnrin yẹn wí pé ìwọra rẹ̀ pọ̀ jù, mi ò sì fẹ́ kó rí èyí.

Ọ̀rọ̀ eré yẹn ni. Mo mọ ohun tí a jọ sọ. Nígbà tí o san owó oṣooṣù fún ilé-iṣẹ́ tó ń fi eré sínú fóònù, tí wọ́n da gbogbo apá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni da yanrìn, ìwọ lo ní ká má wò ó tán, ká máa wo apá kan lọ́sẹ̀, kí o máa pè mí ní gbogbo Sátidé ká jọ tú u palẹ̀. Mo ní ó dáa. Mo tiẹ̀ ní ìwọ gan-an ni mi ò fọkàn tán.

Kì í ṣe pé mo lọ wá a o. Mo ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà, mo gbé fóònù ti ara ìgò omi tí mo fi ń wọ́n aṣọ, pé kí n tún apá kejì wò. Bó ṣe parí ni ìkẹta bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò tẹ nǹkan kan. Àlejò tó ti wọlé, tó ti jókòó, ṣé kí n wá lé e jáde ni? Báyìí náà ni ìkẹrin ṣe wọlé. Àfi bí fóònù ṣe dúró, tí wọ́n kọ nǹkan sójú ẹ̀. Mo sáré gbé e lọ bá atúnfóònùṣe, ó ní wọ́n ń béèrè bóyá mo ṣì ń wò ó ni. Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń rí mi látọ̀dọ̀ wọn. Mo bi í bóyá wọ́n fi ọ̀wọ̀ béèrè, ó ní kò sí ọ̀wọ̀ níbẹ̀. Mo délé, mo tún gèlè mi wé dáadáa, mo sì tẹ̀ ẹ́ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣì ń wò ó. Níbi tí wọ́n ti ń sin awakọ̀ inú eré náà, omijé ò jẹ́ kí n rántí áyọ́ọ̀nù, ó jó aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì òpópónà wa lọ́rùn.

Àwọn tí mi ò mọ̀ rí, mo sọ òótọ́ fún wọn. Ìwọ tí mo bí, irọ́ ni mo pa fún ọ. Nígbà tí o pè, tí inú rẹ ń dùn, tí o ní awakọ̀ yẹn á padà wá bẹ ìyàwó ẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi, mo ní ibo ló ti fẹ́ padà wá, ṣebí wọ́n ti sin ín. O ní ta ni wọ́n sin. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo pa fóònù. Nígbà tí o tún pè, mo ní aránṣọ ojúlé kejì ló sọ fún mi, aránṣọ tí kò ní fóònù, tí kò tiẹ̀ ríran dáadáa mọ́. O kàn ní tí mo bá ti wò ó tán, kí ló tún kù tí a fẹ́ sọ. Sátidé ti kọjá látìgbà náà, òmíràn náà ti kọjá. Àwọn tó ń ta dátà nìkan ló ń rántí mi.

Mo gbìyànjú láti dá a padà. Ìlà pupa kékeré ìsàlẹ̀ yẹn, mo fi ìka fà á sẹ́yìn, apá kan tẹ̀lé òmíràn, títí dé ibi tí a jọ dúró sí, kí o lè bá tìẹ níbẹ̀. Atúnfóònùṣe ká mi mọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní eré kì í tán, pé gbogbo ayé lè wò ó kó ṣì wà bó ṣe wà. Mi ò bá a jiyàn. Àmọ́ èyí tí a máa ń sọ lórí fóònù ti tán, èmi ni mo sì dá a jẹ.

Ó ní ilé-iṣẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni wọ́n ń yọ lọ́sẹ̀, bí èèyàn sanwó, bó sunkún, wọn ò ní dá a lóhùn. Tẹ́lẹ̀, mi ò bá ní ahun ni wọ́n. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra aṣọ mìíràn fún nọ́ọ̀sì, torí tó bá ń kí mi báyìí, kì í wojú mi. Èyí tó bá kù, má fi ránṣẹ́ síbí, san án fún àwọn ahun yẹn, kí wọ́n di eré náà mú gírígírí, kí n má baà mọ̀ jù ọ́ lọ.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Oúnjẹ ọ̀sán rẹ á máa bá ọ lára mu. O ò ní wá ẹni tó máa gbọ́ tìẹ tì.

Èmi ni ìyá rẹ tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Pè mí ní Sátidé, bí a ò bá tiẹ̀ tíì rí nǹkan kan wò.